Ṣé Kí A Kó Àwọn Ọmọ Lọ sí Etí Òkun?

Bí ẹ bá ń gbé ní Mòwé tàbí Ìbafọ̀, tàbí ní Ìfọ̀ lọ́hùn-ún, ohun tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Bàbá ti kírun Àsùbáà tán, ó ti wọkọ̀ lọ sí Èkó kí ojúmọ́ tó mọ́. Àwọn ọmọ ṣì ń sùn. Nígbà tí yóò fi la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ já padà sílé, wọ́n tún ti sùn. Ìyá náà kò jókòó: bí kò bá sí lọ́jà, ó wà nídìí ààrò. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún, tí àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà kì í ráyè wo ojú ara wọn.

Ìléyá wá dé, ìjọba fún wa ní ìsinmi, ọmọ kan sì béèrè pé, "Bàbá mi, ìgbà wo lẹ máa mú wa lọ wo òkun?" Kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn?

Irú ìsinmi kan wà tí ó ti gbilẹ̀ káàkiri ayé, òun ni a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí. Ìdílé yóò lọ sí ilé ìgbafẹ́ etí òkun, wọn yóò san owó kan ṣoṣo ṣáájú, owó náà ni yóò sì kájú yàrá, oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, ohun mímu àti eré ìdárayá. Ẹni tí a mọ̀ mọ́ àṣà yìí jù ni Gérard Blitz, ọmọ ilẹ̀ Belgium. Ní 1950 ni ó dá ẹgbẹ́ Club Méditerranée sílẹ̀, tí ó sì pàgọ́ sí etí òkun Alcúdia, ní erékùṣù Majorca ti ilẹ̀ Spéìn. Ẹ má ṣe rò pé ààfin ni o: àgọ́ aláṣọ ni àwọn àlejò sùn sí. Ogun àgbáyé kejì ti parí ní 1945, àwọn ènìyàn sì ń wá ibi tí wọn yóò ti mí. Nígbà tí ó di 1973, ẹgbẹ́ náà ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Cap Skirring, ní gúúsù ilẹ̀ Senegal.

Ṣùgbọ́n kí ni ti Cap Skirring sí ará Ìbafọ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo itòsí. Ní abúlé Ìkègùn, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, Ọ̀túnba Wanle Akinboboye dá ilé ìgbafẹ́ La Campagne Tropicana sílẹ̀ ní 1984, ní àwòṣe ilé ìbílẹ̀ wa, níbi tí òkun, adágún omi àti igbó ẹ̀gbà ti pàdé. Ẹni tó bá ti Mòwé lọ sí ìhà ibẹ̀ lè yẹra fún Èkó: kí ó gba Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó sì gba Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí ọ̀nà Lẹ́kí. Ará Ìfọ̀ tí ojú rẹ̀ wà lára Àgbádárìgì lè gba Sàǹgó-Ọ̀tà, Atan àti Lùsádà já sí Àgbárá. Níbẹ̀ àwọn ọmọ yóò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, wọn yóò sì rí ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ìsinmi ni, ẹ̀kọ́ sì ni pẹ̀lú.

Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí "owó kan" kì í túmọ̀ sí ohun kan náà níbi gbogbo. Ibòmíràn, yàrá àti oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni. Ṣé oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ wà nínú rẹ̀? Omi mímu ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni yóò san àbọ̀? Bí àìsàn bá dé tí a kò lè wá mọ́, ṣé a ó rí owó wa gbà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti oúnjẹ bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe é, kí ẹ fi ìkejì wé ìkíní.

Àǹfààní kan wà tí ìṣirò náà kò ní fi hàn yín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí a sòótọ́. Lọ́jọ́ Ìléyá a máa ń sọ pé a ti sinmi, ṣùgbọ́n ta ni ó lọ ata? Ta ni ó din ẹran, tí ó fọ àwo àlejò títí di òru? Ìsinmi tí ìyàwó ilé kò bá wọn sinmi, ìsinmi ẹnì kan ni. Bí ìyá àwọn ọmọ bá lè jókòó fún ọjọ́ méjì, kí ẹlòmíràn gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ohun ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ tiwa gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí tún wà níbẹ̀. Bí ọtí bá wà nínú owó kan náà, a jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ kì í mu ún ń bá wọn san owó rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní iye owó tí kò ní ọtí nínú, àti ẹni tí ó ń pa ẹran wọn. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, ilé ìtura Caprice ṣí ní Didim ní 1996 láìsí ọtí, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ọkùnrin sì yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ẹni tí ó bá béèrè ohun tí ó yẹ ẹ́ kò ṣe ohun ìtìjú. Ní ti ìrun, àwọn aáfà tí ń tẹ̀lé ọ̀nà Imam Malik sọ pé ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá tó nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà lè dín ìrun oníràká mẹ́rin kù sí méjì, àfi bí ó bá pinnu láti gbé ibẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìgbì etí òkun wa ń ti agbami Atlantic bọ̀ láìsí ohun tí ó dá a dúró. Bí omi bá ti ya wá sórí yanrìn, ó ní láti padà, ó sì máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà pẹ̀lú agbára ńlá. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi rẹ̀ dà bí ẹni pé ó dákẹ́, ibẹ̀ gan-an lè jẹ́ ojú ọ̀nà náà. Bí ó bá gbé ènìyàn, kí onítọ̀hún má ṣe bá a jà láti padà tààrà. Kí ó jẹ́ kí ara rẹ̀ léfòó, kí ó nawọ́ sókè, kí ó sì lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ní títọ etí òkun, títí tí yóò fi bọ́, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ní Tarkwa Bay, omi rọ̀ díẹ̀, nítorí ògiri òkúta tí a kọ́ sí ẹnu èbúté Èkó ń dá ìgbì dúró. Níbi yòówù kí ẹ lọ, ẹ bi wọ́n bóyá olùṣọ́ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ wà, kí ọmọ má sì ṣe jìnnà sí yín ju ibi tí ọwọ́ yín lè tó lọ.

Ẹ rántí àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú. Ní 1965, Bertil Harding, ará Sweden, kó àwọn àlejò àkọ́kọ́ lọ sí etí òkun ilẹ̀ Gambia. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé ìtura gba àṣà owó kan, àlejò kò jáde mọ́, ọjà elésò àti ti onílé oúnjẹ sì kú. Ní 1999 ìjọba fi òfin de àṣà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé òfin ọ̀hún kúrò, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn àlejò yóò gba ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Bí ẹ bá dé Ìkègùn tàbí Àgbádárìgì, ẹ jáde, ẹ ra àgbọn lọ́wọ́ ọmọ abúlé, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ ìyá tó ń yan án.

Bí owó kò bá sì tó, ẹ má ṣe yá owó nítorí òkun. Ẹ dín ìrẹsì, ẹ gbé ẹní, ẹ lọ ní àárọ̀, kí ẹ padà ní ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe iye àwo oúnjẹ ni ọmọ yóò rántí lọ́la, bí kò ṣe ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ká ṣòkòtò sókè, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí àwọn méjèèjì sì sá fún ìgbì pẹ̀lú ẹ̀rín.

Kí Ọlọ́hun mú wa lọ láyọ̀, kí Ó sì mú wa bọ̀ láyọ̀. Àmín.