Ọkọ̀ Kékeré, Ìṣirò Ńlá

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fẹ́ fi pákó kan ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí yóò léfòó lóòótọ́. Ó ní ṣé bí òun bá ti fi 10 pín gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá, ó parí nìyẹn? Rárá o!

Gígùn dín kù, ìbú dín kù, gíga náà dín kù: 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10. Nítorí náà, ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 1,200 yóò di tọ́ọ̀nù 1.2 péré. Ẹ ò rí i pé 1,000 la fi pín ìwúwo.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé atẹ́gùn kì í dín kù ní tiẹ̀. Agbára tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀ ṣubú ni a fi 1,000 pín. Èyí tí ọkọ̀ fi ń gbé ara rẹ̀ dúró, 10,000 ni. Atẹ́gùn tó kàn fẹ́ ọkọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀rẹ̀ lè gbé kékeré ṣubú.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti to igi ìsàlẹ̀ àti àwọn ìhà rẹ̀, tí ẹ sì ti fi pákó bò wọ́n, ẹ fi òjé sísàlẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ ńlá pàápàá ń jìyà ìwúwo òkè: lọ́dún 1628 ní Stockholm, Vasa ò rìn ju nǹkan bíi mítà 1,300 lọ tí atẹ́gùn fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi wọlé, ó rì.

Ẹ dán tiyín wò lómi kí ẹ tó kùn ún.