Ẹ̀gúsí Lókè Òfurufú: Bí A Ṣe Ń Yan Àkòrí Ìwádìí Tó So Ìṣirò Pọ̀ Mọ́ Ohun Abẹ̀mí

Ìgàngán ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, nílẹ̀ Ìbàràpá.

Àbúrò wa kan tó ń ṣe másítà nínú ìmọ̀ ìṣirò fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó fẹ́ràn ìṣirò, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ohun abẹ̀mí lókè òfurufú. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ ìwádìí òun so méjèèjì pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù kó fi àkòrí sílẹ̀. Àwọn ará ilé ń bi í pé, "Ṣé èyí máa di oúnjẹ?" Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé òun lè mú ohun tí kò ní í ṣe é parí, kí owó ilé ìwé sì ti lọ. Ẹ̀rù náà tọ́. Àkòrí tí kò dáa lè gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ èèyàn. Torí náà, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wádìí gan-an?

Ìbéèrè ńlá ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tó ní ẹ̀mí tí ìwúwo bá kúrò lára rẹ̀? International Space Station ń yí ayé po ní nǹkan bíi 400 kìlómítà sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilẹ̀ kì í fa nǹkan níbẹ̀ mọ́. Rárá o. Nǹkan bíi 90% agbára òòfà ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibùdó náà àti gbogbo ohun inú rẹ̀ jọ ń já bọ̀ yí ayé ká láìdúró, torí náà, kò sí ohun tó ń tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Egungun tí kò rí ẹrù gbé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́: nǹkan bíi 1% sí 1.5% lóṣù kan, pàápàá egungun ìbàdí.

Ẹ rí i pé nọ́ńbà ti wọlé. Níbi tí nǹkan bá ti ń yí padà bí àsìkò ṣe ń lọ, ìṣirò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣé ìbejì Ìgbò-Ọrà kọ́?

Ẹni tó bá wá láti Ìbàràpá á kọ́kọ́ ronú kan ìbejì. NASA náà ti lo ìbejì. Scott Kelly lo 340 ọjọ́ lókè láàárín 2015 àti 2016, Mark, ìkejì rẹ̀, sì wà nílẹ̀. Ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2019. Wọ́n rí i pé telomere, ìyẹn ìparí okùn DNA, gùn sí i lára Scott nígbà tó wà lókè, ó sì yára kúrú nígbà tó padà sílẹ̀.

Ìwádìí Patrick Nylander láàárín 1972 àti 1982 rí ìbejì 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000 ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ìgbò-Ọrà sì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Inú ẹyin kan ṣoṣo ni Scott àti Mark ti wá. Inú ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa ti wá. Bí ọmọ ìyá lásán ni DNA wọn ṣe jọra. Wọn ò lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn Kelly ṣe. Yàtọ̀ síyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló lọ sókè, ẹnì kan kò sì tó fún ìṣirò láti fi sọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Àkòrí yìí dùn létí, àmọ́ á há.

Ẹ̀gúsí ńkọ́?

Àwọn àgbà sọ pé ara ẹ̀gúsí ìbàrà, tí àwọn èèyàn wa ń gbìn lọ́pọ̀lọpọ̀ láyé àtijọ́, ni orúkọ Ìbàràpá ti jáde. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2025, ẹ̀gúsí Nàìjíríà bá àwọn Crew-11 gòkè lọ sí International Space Station. Temidayo Oniosun, olùdásílẹ̀ Space in Africa, ló ṣáájú iṣẹ́ náà ní ti Nàìjíríà. Èrò náà ni pé kí irúgbìn náà padà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ibí yìí ni màá ti wá àkòrí, torí ẹ̀gúsí wà lọ́jà, kò sì nílò rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ṣóńṣó gbòǹgbò, àwọn hóró sítáàṣì kéékèèké wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀ á fà wọ́n, wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀, gbòǹgbò á sì mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Tí ẹ bá dá gbòǹgbò náà dùbúlẹ̀, á tẹ̀. Bó ṣe jìnnà sí ìsàlẹ̀ tó ni ó máa ń yára tẹ̀ tó, ìyára yẹn sì máa ń tẹ̀ lé sine igun náà, sine tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì yẹn.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní clinostat. Ṣe ló ń yí irúgbìn díẹ̀díẹ̀, tí gbòǹgbò kò fi ní í mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ẹ bá ṣe àròpọ̀ sine yípo kan gbáko, òdo ni yóò jẹ́. Tó bá ń yí lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan, tí irúgbìn sì jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà kan, agbára tí yíyí náà fi ń tì í síta kò tó ìdá kan nínú 10,000 agbára òòfà ilẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pín ẹ̀rọ yìí fún àwọn orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Ìbéèrè mẹ́ta kó o tó fọwọ́ sí i

Èkíní, kí lo fẹ́ wọ̀n? "Ìṣirò àti òkè òfurufú" kì í ṣe àkòrí. "Bí gbòǹgbò ẹ̀gúsí ṣe ń yára tẹ̀ tó, pẹ̀lú clinostat àti láìsí i" ni àkòrí.

Èkejì, níbo ni dátà wà? Kì í ṣe dátà tí à ń rà o. NASA gbé èsì ìwádìí ohun abẹ̀mí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Open Science Data Repository. O tún lè fi tìṣù tútù hu ẹ̀gúsí nínú ike tó mọ́ kedere, dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí gbòǹgbò bá yọ, kó o máa fi fóònù ya á ní wákàtí wákàtí, kó o sì wọn igun rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò bójú tó o? Wá olùkọ́ kan nínú ìṣirò, kó o tún wá ẹnì kan tó mọ ohun ọ̀gbìn. African Regional Centre for Space Science and Technology Education wà ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1998. Kọ̀wé sí wọn.

Àbúrò mi, tó o bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi àkòrí náà sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣì ṣófo, dín in kù títí yóò fi kún. Ní ti àwọn ará ilé, sọ fún wọn pé ẹni tó bá lè fi ìṣirò sọ bí ohun ọ̀gbìn ṣe máa dàgbà, iṣẹ́ rẹ̀ wúlò nínú oko kó tó wúlò lókè òfurufú.

Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì pín in fún ẹni tó ń wá àkòrí. Ó dìgbà kan ná.