Ọ̀rọ̀ tó ń sọnù lẹ́nu àgbà



Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí àgbàlagbà bá ń gbàgbé nǹkan, a máa ń ní ó ti ń ṣarán, ó parí. Ẹlòmíì á tilẹ̀ ní àjẹ́ ni. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n tìtorí èyí lé kúrò nínú agboolé, nígbà tó jẹ́ pé dókítà ló yẹ kó rí i. Àrùn ọpọlọ lè wà nídìí rẹ̀, ẹnu sì wà lára ibi tó ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Gbogbo àgbà ló ń gbàgbé orúkọ. A ó wá a títí. Tó bá dalẹ́, á wọlé wá fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò le. Àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ fetí sí.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ta aṣọ l'Akẹ̀sán. Ó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi mú kiní yẹn, kiní tá a fi ń ránṣọ." Díẹ̀díẹ̀, "kiní" á gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan. Irú rẹ̀ ni dókítà Alois Alzheimer gbọ́ lẹ́nu Auguste Deter, tí wọ́n gbà sí ọsibítù ní Frankfurt, nílẹ̀ Jámánì, ní 1901: ó pe ife ní ohun tí a fi ń da mílíìkì.

Èkejì ni "ó". "Ó ní ó ti gbé e fún un." Ta ló ní? Kí ló gbé? "Ó" tiwa kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni. Ẹni tí àrùn yìí ń mú kì í rántí pé òun ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, á bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọbẹ̀ tó hó.

Ohun tí kò bàjẹ́ ló ń tan ẹbí jẹ. Ìró ohùn ṣì pé: igba, igbá àti ìgbà ò dàrú mọ́ra wọn. Ìtò ọ̀rọ̀ ṣì dáa. Ìkíni, oríkì àti òwe ṣì ń dún lẹ́nu rẹ̀, nítorí odindi ni a kọ́ wọn, odindi náà ni wọ́n ń jáde. A ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Àgbà yìí lè pa òwe náà délẹ̀, kó má sì rí ọ̀rọ̀ tó ń wá. Àlejò tó bá yà kí i á ní, "Màmá yín mà le o!" Ẹni tó ń bá a gbé ló mọ̀.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà mọ èyí. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, ní 1992. Wọ́n ní kí àgbà dárúkọ ohun tí wọ́n fi hàn án, kó sì ka orúkọ ẹranko tó bá mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi ẹbí rẹ̀ léèrè ohun tó ti yí padà. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé nínú 1,000 ẹni tó ti pé ọdún 65 sókè, nǹkan bí 12 ni àrùn Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún n'Ìbàdàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 25. Tiwa kéré, àmọ́ ó wà.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má fi òbí yín wé àgbà mìíràn. Ẹ fi wé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà. Ọsibítù ńlá LAUTECH wà l'Ógbómọ̀ṣọ́. UCH n'Ìbàdàn ní ilé ìtọ́jú tó wà fún àwọn àgbà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí etí dídi, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó fítámì B12 tàbí oògùn kan tó ń lò lè fara jọ àrùn yìí, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Alzheimer fúnra rẹ̀ kò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n ẹbí tó bá tètè mọ̀ á lè múra sílẹ̀.

Bó bá ní "kiní", ẹ fún un láyè díẹ̀, kí ẹ tó rọra bá a dárúkọ rẹ̀. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì dán an wò níwájú àlejò.

Ó dìgbà kan ná.