Ohun Tó Ń Gbé Inú Ewé

Bí elégbòogi bá já ewé, ewé nìkan kọ́ ló já. Láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé náà, àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Ẹbí olú tí à ń jẹ ni wọ́n, ẹbí ohun tó ń bo búrẹ́dì tó bá bu. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí kì í mú ewé jẹrà. Ṣúgà tí ewéko fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ni wọ́n ń jẹ, ewéko náà ò sì ṣàìsàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ewéko tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò tí wọn ò bá wọn nínú rẹ̀. Ní Íńdíà, wọ́n ti rí wọn nínú dóńgóyárò, igi tí àwa náà ń fi ewé rẹ̀ se àgbo ibà.

Oró tí wọ́n ń ṣe ló mú kí àwọn apòògùn máa wá wọn. Kòkòrò ń jẹ ewé, fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn sì ń fẹ́ wọlé. Èyí tó ti wà níbẹ̀ a máa fi oró lé wọn. Irú oró bẹ́ẹ̀ lè wúlò lára ènìyàn.

Àtirí wọn gba sùúrù. Wọn á rẹ ewé tàbí èèpo igi sínú sípíríìtì, wọn á gbé e sínú omi bílíìsì, kí ohunkóhun tó wà lóde ara rẹ̀ lè kú tán. Wọn á fi omi tó mọ́ ṣàn án, wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á tò ó sórí agar, èròjà tí wọ́n ń fi ewéko òkun ṣe, tó máa ń dì bí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òwú fọ́ńgọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Wọ́n tún ń da omi tí wọ́n fi ṣàn án kẹ́yìn sórí agar mìíràn: bí nǹkan bá hù níbẹ̀, a jẹ́ pé bílíìsì kò pa ti òde tán. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni ti igi yew ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní 1962, Arthur Barclay, onímọ̀ ewéko tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, bó èèpo rẹ̀ nínú igbó kan ní ìpínlẹ̀ Washington. Inú èèpo yìí ni àwọn onímọ̀ Monroe Wall àti Mansukh Wani ti rí oògùn Taxol, tí wọ́n kéde bó ṣe rí ní 1971. Ó di 1992 kí ìjọba tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Ṣùgbọ́n yew kì í tètè dàgbà, bí wọ́n bá sì bó èèpo rẹ̀ tán, ó kú nìyẹn. Kílò Taxol kan ń gba èèpo nǹkan bí igi 2,000 sí 3,000. Abájọ tí ariwo fi ta ní 1993, nígbà tí àwọn onímọ̀ Gary Strobel, Andrea Stierle àti Donald Stierle kéde ní ìpínlẹ̀ Montana pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń gbé inú igi náà ń ṣe Taxol fúnra rẹ̀. Orúkọ Andrea ni wọ́n fi sọ ọ́: Taxomyces andreanae. Ìrètí wá ni pé a ó máa sin fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú àgbá, a ó sì fi igi lọ́rùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Taxol tí wọ́n rí lára fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí kò tó nǹkan: 24 sí 50 nanogram nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ gíráàmù kan tí a pín sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan ni nanogram. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì tún un yẹ̀ wò, wọn ò rí ẹ̀rí pé ó ń dá ṣe Taxol rárá. Lónìí, sẹ́ẹ̀lì ara yew tí wọ́n ń sìn nínú àgbá àti ewé yew Yúróòpù ni Taxol ti ń wá.

Èyí tó yọrí sí rere kò pariwo. Hormonema, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń gbé inú ewé igi juniper, ń ṣe oró tí wọ́n pè ní enfumafungin. Kì í jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn rí ògiri ara rẹ̀ mọ, ara ènìyàn kò sì ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Àwọn apòògùn tún un ṣe di ibrexafungerp, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2021 fún àkóràn Candida ojú ara obìnrin. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni Candida náà. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo oògùn yìí o.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ewé kan ń ṣe oògùn tí à ń rí nínú ewé yẹn gan-an, ẹ bi í pé mélòó ló ń mú jáde nínú lítà kan, ta ló sì tún un yẹ̀ wò.