Ìjà àkùkọ ní Bali: iyì ni wọ́n ń du, kì í ṣe owó nìkan

Láti ọdún 1981 ni ìjọba Indonéṣíà ti fòfin de tẹ́tẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ìjà àkùkọ sì wà nínú ohun tí òfin náà kà léèwọ̀. Síbẹ̀, bí ọdún tẹ́ńpìlì bá dé ní erékùṣù Bali, ẹ̀jẹ̀ àkùkọ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹlẹ́sìn Híńdù ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni à ń fi tu àwọn ẹ̀mí burúkú lójú kí wọ́n má baà kó ibi wọ̀lú. Tabuh rah ni orúkọ ètùtù náà, ìjà mẹ́ta sì ni àṣà là sílẹ̀ fún un. Èyí tó bá lé lórí mẹ́ta, tí owó wá ń ròkè láàárín agbo, ni wọ́n ń pè ní tajen. Òun ni ọlọ́pàá ń lé.

Abẹ kan tó mú bérébéré, tí wọ́n ń pè ní taji, ni wọ́n ń so mọ́ àkùkọ lẹ́sẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó ínǹṣì 4 sí 5. Wọ́n á dá èèpo àgbọn lu, wọ́n á gbé e sórí omi. Kó tó rì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21 á ti kọjá, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tí wọ́n lè gbé àkùkọ tó fara gbọgbẹ́, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, bóyá á tún lè jà. Ẹni tí àkùkọ rẹ̀ borí ló ń gbé òkú ìkejì lọ sílé láti jẹ.

Clifford Geertz, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ nípa àṣà àwọn èèyàn, ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa eré yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1958, òun àti Hildred ìyàwó rẹ̀ dé abúlé kan ní Bali, àwọn ará ibẹ̀ sì ń wò wọ́n bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìjà àkùkọ ti lòdì sí òfin nígbà náà pẹ̀lú, kò sì pẹ́ tí ọlọ́pàá fi já lu ọ̀kan tí abúlé ń fi kówó jọ fún ilé-ìwé tuntun. Tọkọtaya náà bá àwọn èrò sá, wọ́n sì sá pa mọ́ sí agboolé kan. Láti ọjọ́ yẹn ni abúlé ti gbà wọ́n.

Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1972, Geertz fi hàn pé oríṣi tẹ́tẹ́ méjì ló wà. Àwọn tó ni àkùkọ, pẹ̀lú ẹbí àti alátìlẹ́yìn wọn, ń dá owó ńlá jọ ní ìdákẹ́jẹ́, iye tí apá méjèèjì ń fi sílẹ̀ sì dọ́gba. Àwọn òǹwòran ń ta tiwọn pẹ̀lú ariwo. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé èèyàn kì í ta owó lòdì sí àkùkọ ìbátan rẹ̀. Bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ bá wọ agbo, owó rẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kódà bí o ti rí i pé yóò kú. Bí àkùkọ abúlé mìíràn bá sì dé, àwọn ìdílé tí kì í rẹ́ á pa pọ̀ sí ẹ̀yìn ti abúlé wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó jọ wà ní ipò gíga ni ìjà wọn ń le jù, torí orúkọ bàbá àti ìran wọn ló wà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, Geertz sọ pé ipò ẹnikẹ́ni kì í ti ibẹ̀ yí padà. Ẹni tó pàdánù lónìí, ipò tó wà lánàá náà ló ń bá lọ sílé; ìtìjú àti inú dídùn ni wọ́n jọ tọ́ wò.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé kò jẹ́ ká gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin, tí eré náà yọ sílẹ̀, ń sọ nípa owó tó ń jáde nílé wọn. Èkejì ni pé ní ìparí ọdún 1965 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1966, wọ́n pa nǹkan bí 80,000 èèyàn ní Bali torí òṣèlú, ọ̀rọ̀ àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé nìkan ni Geertz sì fi kan èyí. Ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní tèmi, kí ìjọba má ṣe dí ìjà mẹ́ta ti tẹ́ńpìlì lọ́wọ́, torí ẹ̀sìn ni. Ṣùgbọ́n tajen tí bàbá ń kó owó oúnjẹ ọmọ lọ ta, òfin ọdún 1981 tọ́ sí i.