Ẹ Má Fi Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Yín Sílẹ̀ Ní Ìhòòhò

Bí ẹ bá gba àdúgbò Agodi kọjá ní kùtùkùtù, ẹ óò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti agboolé kan dé èkejì, kò sì ní pẹ́ tí èéfín ewé gbígbẹ yóò fi máa rú lẹ́yìnkùlé. Ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nìyẹn. Obìnrin tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ kò bá mọ́, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Àwa náà gbá, àwa náà sun, títí di ọjọ́ tí òjò kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ẹ̀yìnkùlé wa dà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe rí. Nígbà tí owó ata àti ẹ̀fọ́ lọ́jà ń ju agbára àpò wa lọ, a kọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà síbẹ̀, a gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ata rodo. A gbá orí wọn àti àárín wọn bí ẹni ń gbá pálọ̀. Òjò ńlá kan rọ̀ ní oṣù kẹrin. Nígbà tí a jáde, gbòǹgbò ata ti wà níta, ẹ̀fọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ti bá àgbàrá lọ, ilẹ̀ dúdú tí a fi ìgbẹ́ adìẹ pò sì ti wà nínú gọ́tà ní ìsàlẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ la yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ tí a fi ra ìgbẹ́ adìẹ náà.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọ́n dàgbà sí oko, wá wò ó.

“Ìyá, ẹ wo ohun tí òjò fi ojú wa rí,” la wí.

“Kì í ṣe òjò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ bọ́ aṣọ lára ilẹ̀. Ta ní ń gbin iṣu tí kò ní fi koríko dé e lórí?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá bàbá yín kọ ebè rí yóò rántí: bí a bá ti ri iṣu sínú ebè, a ó bu koríko gbígbẹ lé e lórí, a ó sì fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, kí oòrùn má sì se èbù náà jinná. Ọgbọ́n yìí kò jẹ́ tuntun sí wa. Ìlú ńlá ló mú wa gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀kán òjò bá já lu ilẹ̀ tí kò ní ìbora, ó ń fọ́ ọ túútúú. Yẹ̀pẹ̀ kíkúnná yóò wá dí ojú ihò ilẹ̀, ojú ilẹ̀ yóò le bí ẹni fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi tó yẹ kó wọlé yóò sì di àgbàrá. Bí koríko bá wà lórí rẹ̀, òun ni yóò gba ìyà òjò náà, omi yóò máa rọra jò wọlẹ̀. Ti oòrùn náà ń bẹ níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, ojú ilẹ̀ ìhòòhò lè gbóná kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ara ènìyàn tó wà ní àlàáfíà kì í ju nǹkan bíi 37 lọ. Ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ata ń rọ?

Ní Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, Rattan Lal, ti ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó fi ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ tí a ro lásán wé èyí tí a fi koríko bò, ó sì rí i pé bí koríko gbígbẹ bá tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, díẹ̀ báyìí ni àgbàrá ń rí kó lọ. Ní 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. A ṣírò rẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì wa, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 6: nǹkan bíi kìlò mẹ́ta ààbọ̀ koríko gbígbẹ ni yóò gbà. Ẹrù kan péré, tí à ń dáná sun tẹ́lẹ̀!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ewé ló dára bákan náà, ibẹ̀ la sì ti jìyà lẹ́ẹ̀kejì. A gbọ́ pé ìdọ̀tí pákó kì í wọ́n ní Bódìjà, a kó àpò mẹ́rin wálé, a dà á nípọn, a tún fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé ata pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò rí, tó ń jẹ pákó tútù kó lè jẹrà, ń fa náítírójẹ̀nì inú ilẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́ wọn, ebi sì ń pa ata. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà la fi dá ẹ̀mí wọn padà. Nísinsìnyí, ojú ọ̀nà àárín bẹ́ẹ̀dì nìkan là ń da ìdọ̀tí pákó sí.

Koríko tí a gé kó tó so èso ló dára jù lójú tiwa. Bó bá ti so, ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gbin èpò. Ewé ẹ̀kan gbígbẹ dára, ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò rẹ̀ bá bá a wá, ẹ ti gbé ọ̀tá wọlé. Ẹ sá eèsún kí ó gbẹ dáadáa, kí igi rẹ̀ má baà ta gbòǹgbò. Akíntọ́lá náà wúlò bí kò bá tíì tanná. Àgúnmániyè tí àwọn kan fi ṣe ọgbà yí ilé ká tètè ń jẹrà, ó sì ń bọ́ ilẹ̀ bí ajílẹ̀. A máa ń pò ó mọ́ koríko tó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ní ti ewé máńgòrò, tí Agodi ní lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ rún un wẹ́wẹ́. Bó bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ara wọn, ńṣe ni omi yóò máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bí orí páànù. Háhá àgbàdo kò ní wàhálà kankan.

Ẹ kọ́kọ́ tu èpò, ẹ dúró kí òjò rọ̀ tàbí kí ẹ bomi rin ilẹ̀, nítorí bí ẹ bá bo ilẹ̀ gbígbẹ, gbígbẹ ni yóò wà. Kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Ẹ̀fọ́ tí ẹ fọ́n irúgbìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ga díẹ̀ ná. Èyí tí ẹ lọ́ gbìn, ẹ bò ó lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí koríko kan ìdí igi ata, kí ìdí rẹ̀ má baà rà. Ẹ jìnnà sí ògiri ilé ní ẹsẹ̀ bàtà méjì nítorí ikán, ẹ sì jìnnà pátápátá sí ìdí àdògán. Ní àkókò òjò púpọ̀, ẹ dín in kù nítorí ìgbín àti ọ̀kùn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi kún un. Kì í pẹ́ jẹrà nínú ooru wa yìí, nítorí náà ẹ máa wò ó lóṣooṣù.

A kò sọ pé koríko ẹ̀yìnkùlé ni yóò dá omíyalé dúró. Ẹ̀yin àgbà kò tíì gbàgbé Ògùnpa ní 31 oṣù kẹjọ 1980, tó ba Ọgbà Agodi pàápàá jẹ́, àwa gbogbo sì rí ti 26 oṣù kẹjọ 2011. Pàǹtírí tó dí odò àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Síbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa wà nínú gọ́tà lọ́jọ́ náà. A fi ojú ara wa rí i.

Nígbà tí bàbá wa wá kí wa, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti kó kúrò nílé yìí ni? Ejò ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Nítorí náà, orí bẹ́ẹ̀dì nìkan là ń bò. Gbogbo àgbàlá yòókù, à ń gbá a mọ́ tónítóní bíi ti tẹ́lẹ̀. Ewé tí a bá gbá kì í dé ìdí iná mọ́, ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ wa pàápàá ti ń fi agbọ̀n kó tiwọn wá fún wa láràárọ̀, a sì ń fi ṣọkọ ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ Sátidé.