Àṣírí Tí Ó Wà Nínú Káàdì Ọkọ̀ London

Ẹni tí ó bá ti gbé London rí yóò mọ káàdì Oyster, èyí tí wọ́n ń lò láti ọdún 2003. Ẹ ó fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn yóò ṣí, owó yóò sì dín nínú rẹ̀. Èmi náà ní ọ̀kan nígbà náà, mo sì ń ṣọ́ ọ bí ojú. N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó wà nínú ike náà, tí kò tó èékánná, ni àwọn NXP tí ń ṣe é ní ilẹ̀ Holland ti fi iṣẹ́ inú rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ayé, tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé ìpamọ́ náà.

Ní December 2007, ní ìlú Berlin, Karsten Nohl àti Henryk Plötz dìde níwájú àwùjọ, wọ́n ní àwọn ti rí ìdí rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é! Wọ́n fi acetone, tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, yọ́ ike náà kúrò. Wọ́n ha ojú ẹ̀rọ náà ní ìpele ìpele, wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Nǹkan bí 10,000 ẹnubodè tín-ín-tìn-ìn tí iná ń gbà kọjá ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ta ni yóò tú 10,000 wò lọ́kọ̀ọ̀kan? Wọ́n mọ̀ pé àmì 48 ni kọ́kọ́rọ́ káàdì náà, nítorí náà ibi tí yàrá ìrántí 48 ti tò tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n wá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ okùn lẹ́yìn, títí wọ́n fi mọ èyí tí ń pàṣẹ fún èyí.

Ibi tí ẹ̀rín ti pa mí nìyí. Ó yẹ kí káàdì náà máa mú nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣé aago nìkan ni ń darí rẹ̀! Bí iná bá ti kàn án, ibì kan náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì ka gbogbo 65,535 tán kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí yóò tan iná sí i ti yan nọ́ńbà fún un.

Irú káàdì yìí kan náà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì káàkiri. Ní 2008, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Radboud ní Nijmegen fẹ́ tẹ ìwádìí tiwọn jáde, NXP pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní July, adájọ́ kọ̀ láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nígbà tí London bẹ̀rẹ̀ sí fúnni ní káàdì tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ yàtọ̀, mo lọ gba tèmi. Ti àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí mi, owó díẹ̀ sì kù nínú rẹ̀.